Àìsàn Tíṣà Wà Nínú Ìwé, Ti Télọ̀ Kò Sí

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa jowú àìsàn ẹlòmíì? Mo bi pásítọ̀ wa léèrè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ pé wọ́n ń jowú ọkọ, wọ́n ń jowú ilé, wọ́n ń jowú bàtà pàápàá, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ ti àìsàn rí. Mo bi Ọlọ́run náà léèrè lórí eékún mi. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé n kò tẹ́tí.

Obìnrin tó fi ìbéèrè náà sí mi lọ́kàn ni Télọ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìjọ lọ́dọ̀ mi, torí èmi ni akọ̀wé ìjọ wa, ṣùgbọ́n bí o bá dé àdúgbò tí o bá pe orúkọ yẹn, wọ́n á kàn máa wò ọ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ibi tó ń lọ tí kì í fi abẹ́rẹ́ kan tó ti ní òwú dúdú nídìí gún ọrùn aṣọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé ìjọsìn, ìbáà jẹ́ ibi ìsìnkú. "Sójà kì í gbàgbé ìbọn sílé," ni ó máa ń wí.

Èmi àti ẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan rí. Owó tó wà lọ́wọ́ bàbá wọn kò ju ti ọmọ kan lọ, orí àbúrò rẹ̀ sì pé nínú ìwé ju tirẹ̀ lọ, ni wọ́n bá yọ Télọ̀ kúrò, wọ́n fi í sídìí maṣíìnì. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ rán láyé rẹ̀, àbúrò yẹn ló wọ̀ ọ́. Ó rán an dáadáa. Ó sọ fún mi pé òun sunkún sí i lára, ṣùgbọ́n òun kò jẹ́ kí ojú rírán kankan wọ́.

Àbúrò náà ni gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé bàbá wọn ni àwọn méjèèjì ń gbé, opó ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn ti fọ́n káàkiri. Tíṣà wà lókè, Télọ̀ wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tó kọjú sí títì. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí orí mi láti àárọ̀ dalẹ́," ni Télọ̀ máa ń fi ṣe àwàdà. "Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn."

Ohun kan ṣoṣo ni Télọ̀ ní tí Tíṣà kò ní, ojú ni. Nígbà tí ìyá wọn ń fọ́jú lọ, Télọ̀ ló máa ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìyá á nawọ́, á ní, "Ojú mi dà?" Télọ̀ á dáhùn. Tíṣà ló ń ka lẹ́tà fún un, ìyẹn ni "Ẹnu mi." Télọ̀ fẹ́ràn orúkọ yẹn ju orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni dókítà ojú sọ fún un pé omi inú ojú rẹ̀ ń ti ojú náà ju bó ṣe yẹ lọ, pé ohun tó gba ojú ìyá wọn ti kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn nínú ìgò kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀kán kan sójú ọ̀tún, ẹ̀kán kan sójú òsì, lójoojúmọ́, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Oògùn náà kò ní wo ojú sàn. Yóò kàn ní kí àìsàn náà dúró síbi tó bá a dé ni.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n sọ fún Tíṣà náà pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, pé oògùn oníhóró kan ni yóò máa lò láràárọ̀. Nígbà tí Télọ̀ gbọ́, ó wò mí. "Akọ̀wé, ṣé o rí i? Ó yọjú wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé mo ní nǹkan tí òun ò ní, ó yáa lọ wá tiẹ̀." A rẹ́rìn-ín débi tí omi fi jáde lójú wa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ máa ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù apòògùn tó wà ní kọ̀rọ̀ títì. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé mi, wọ́n á máa jà lọ, wọ́n á máa jà bọ̀, baágì kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Lẹ́yìn náà ni iye oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò gòkè bí àgbàlagbà ṣe ń gun àtẹ̀gùn, bí ológbò ṣe ń gun igi ni. Àwọn ènìyàn pariwo, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì gbé páálí lọ síwájú ọ́fíìsì ìjọba, ìjọba sì gbé ìwé kan jáde: oògùn ogójì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà kọjá iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ìwé Ìjọba ni gbogbo wa ń pè é.

Àárọ̀ tí wọ́n kà á lórí rédíò, mo wà lọ́dọ̀ Télọ̀, mo kó aṣọ àwọn akọrin wá fún àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n dé nọ́ńbà kẹrìnlá, àjà mì. Tíṣà ló ń fò lókè. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti sáré sọ̀ kalẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ nọ́ńbà kẹrìnlá? Tèmi nìyẹn o!"

"Mo gbọ́. Panu mọ́ ká gbọ́ èyí tó kù."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ogún kọjá, ọgbọ̀n kọjá. Wọ́n ka ogójì tán, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò. Télọ̀ na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Kú oríire," ni ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Àìsàn tìrẹ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Tèmi ni wọ́n mú lọ kọ́ṣẹ́."

"Àǹtí, ṣé èmi ni mo kọ ìwé náà ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ ṣan ẹnu rẹ, o ń kán ọṣẹ sórí aṣọ akọrin."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. N kò mọ̀ pé ohun tí mo rí yẹn ni orí ejò. Ìlara kì í ké bí ọmọ tuntun, bí ikán ló ṣe ń ṣe, òpó á dúró gbọnin, inú rẹ̀ á ti di lẹ́búlẹ́bú. Láràárọ̀, Télọ̀ á gbọ́ tí Tíṣà bá ń bu omi lókè láti fi gbé oògùn rẹ̀ mì. "Ó ti ń jẹ suwíìtì ìjọba," ni yóò wí. Bí Tíṣà bá wọ bàtà tuntun, ìjọba ló rà á. Bí ó bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú aládùúgbò, ara rẹ̀ ló yá, ta ni ara rẹ̀ ò ní yá?

Ní tirẹ̀, láti ìgbà tí iye oògùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ló ti dá ọgbọ́n kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgò kan tó yẹ kó lò fún oṣù kan, ó fẹ́ kó pẹ́ títí. Láti kékeré, ojú ọ̀tún ló fi ń wo ihò abẹ́rẹ́, á pa ojú òsì dé. Ó wá rò ó pé ojú tó ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun. Ó yọ ti òsì kúrò pátápátá. Nígbà tó yá, ojú ọ̀tún náà di ọjọ́ kan lé ọjọ́ kan. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, láràárọ̀ ló ń jókòó sójú fèrèsé, á mú abẹ́rẹ́ tó kéré jù nínú ilé, á mú òwú dúdú. Bí òwú bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ojú le. Lójoojúmọ́ ni òwú ń wọlé. Télọ̀ nìkan ló lè ronú bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ì bá ti kọsẹ̀ lára pákó, awakọ̀ ì bá ti kọlu nǹkan, wọ́n ì bá sì ti tètè mọ̀.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ gbàdúrà fún un. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀, mo máa ń béèrè pé, "Ojú ńkọ́?" Á ní, "Mo fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni." Mo máa ń ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Ó máa ń ṣe Àmín. Mo sì máa ń lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tó ṣe nǹkan.

Àmì wà níbẹ̀. Ife tíì jábọ́ lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Apá rẹ̀ a máa gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan mo kí i láti apá òsì lẹ́yìn ìsìn, kò dá mi lóhùn, ó kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo rò pé ó ń bínú pé mo kọ́kọ́ lọ kí Tíṣà ni. Tíṣà náà rò bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bí ẹni tí kò sí," ló wí fún mi, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Oṣù kejì lẹ́yìn tí Ìwé jáde, mo tẹ̀lé wọn lọ sọ́dọ̀ apòògùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń fi aṣọ nu pẹpẹ rẹ̀ bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀. Ó fi ìka kan ibi tí oníhóró Tíṣà máa ń wà. Kò sí nǹkan níbẹ̀ bí kò ṣe eruku tí ó ń nù.

"Apòògùn, ṣé ẹ ò fi pamọ́ ni?" Tíṣà bi í.

"Màmá Tíṣà, abẹ́ ibùsùn mi ni kí n fi pamọ́ sí? Iye tí ìjọba ní kí n tà á, iye tí àwọn tó ń gbé e wá ń tà á fún èmi gan-an jù ú lọ. Bí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà á ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn tó ń kó o wọ̀lú ti yí ọkọ̀ wọn sí ibi tí kò sí Ìwé."

"Ṣé kí wọ́n wá máa tà á bó ṣe wù wọ́n ni? Kí aláìní kú?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ìyá tèmi náà ń lò ó. Mo ní pẹpẹ òfìfo kì í wo àìsàn ni."

Ojú Tíṣà wá lọ síbi oògùn ojú, mẹ́jọ ló tò síbẹ̀. "Àǹtí, ẹ wo tiyín, wọ́n dúró bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà. Tiyín ń bẹ."

"Ó ń bẹ bí òṣùpá ṣe ń bẹ," Télọ̀ dáhùn. "Gùn ún lọ mú un."

"Ó ṣì sàn kó wà, kí ènìyàn máa wá owó rẹ̀, ju kí owó wà lọ́wọ́ kí ènìyàn máa wá a káàkiri."

"Ó yá, jẹ́ ká pààrọ̀ àìsàn. Kó tìrẹ wá."

Apòògùn dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó ní ọdún méjìlélógún ni òun ti ń ta oògùn, òun ò rí ọmọ ìyá tó ń bá ara wọn du àìsàn rí. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́." Ó wá fún Tíṣà ní hóró oògùn mélòó kan tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ó ní kó fi gbọ́ bùkátà ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí a ṣe ń bọ̀, Télọ̀ fà mí sẹ́yìn, Tíṣà ti síwájú. "Akọ̀wé, nígbà tí mo rí ibi tó ṣófo yẹn, inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan." Mo ní kó jẹ́ ká máa rántí ara wa nínú àdúrà. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu mi.

Kò pẹ́ ni ìjọba ní àwọn á tún Ìwé náà wò, àwọn á fi oògùn kún un, pé ìgbìmọ̀ kan á wá jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú láti gbọ́ tẹnu ará ìlú. Oògùn ojú yẹn wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì yan Tíṣà láti sọ̀rọ̀, torí ó mọ̀ ọ́n sọ.

Télọ̀ ló rán aṣọ tí yóò wọ̀. Aṣọ búlúù, ọrùn funfun. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí ó ń wọ̀n ọ́n sí i lára, Tíṣà dúró lórí àpótí, Télọ̀ kúnlẹ̀ sídìí rẹ̀, ó fi eyín di píìnì mú.

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Òtítọ́, Àǹtí."

"Òtítọ́ ta ni?" Ó yọ píìnì kan lẹ́nu. "Èmi ni mo ni ojú, ìwọ lo máa lọ sọ̀rọ̀ ojú. Dúró dáadáa."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, kí òun náà sọ̀rọ̀. Ó kọ̀. "Ẹni tó ń wọ aṣọ ni wọ́n pè, wọn ò pe ẹni tó rán an." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó wá. Ó ní òun kàn fẹ́ wo bí aṣọ òun ṣe dúró lára ni. Ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ìgbìmọ̀ márùn-ún jókòó lórí pèpéle. Apòògùn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan yọ ṣùtì sí i, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣojú àwọn tó ń ṣe oògùn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù. Ó ní owó ńlá làwọn fi ń wádìí oògùn tuntun, pé tí ìjọba bá ń dá iye lé gbogbo nǹkan, lọ́la kò ní sí oògùn tuntun mọ́. Télọ̀ tẹnu bọ etí mi: "Wọ́n rán apá kóòtù ẹ̀, ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ."

Ó wá kan Tíṣà. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi, n kò gbọ́ èyí tó tó o. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rárá. Ó fọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló rán aṣọ yìí. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe yọ wọ́n nílé ẹ̀kọ́. Ìyá wa fọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń fọ́jú lọ. Ìgò oògùn tó yẹ kí wọ́n lò fún oṣù kan, mo ń ṣírò rẹ̀, oṣù mẹ́rin ló ń lò lọ́wọ́ wọn. Wọn ò sọ fún mi. Tíṣà ni mí, mo mọ ọmọ tí kò jẹun tó ń ní òun yó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn ojú yìí sínú Ìwé. Tí ẹ bá sì fi í sí i, ẹ má jẹ́ kí ó pòórá lórí pẹpẹ bíi tèmi."

Obìnrin kan níwájú ń nu ojú. Mo yíjú sí Télọ̀ láti fọwọ́ kàn án. Àga rẹ̀ ti ṣófo.

Ó ti wà láàárín, ó ń lọ síwájú. "Ta ló ń fọ́jú?" Ohùn rẹ̀ kò nílò gbohùngbohùn. "Ta lo ń pè ní afọ́jú láàárín ọjà? O ti gba ilé ẹ̀kọ́, o gba Ìwé Ìjọba, ojú mi lo tún fẹ́ gbà?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dákẹ́!" Ó ti gun pèpéle. Ó fa abẹ́rẹ́ ọrùn aṣọ rẹ̀ yọ, ó fa òwú kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sókè kí alága rí i. Ó pa ojú òsì dé. Ó fi òwú náà kan ètè rẹ̀, ó sì fi bọ ihò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Gbọ̀ngàn hó. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà dìde. Mo pariwo, "Ògo ni fún Ọlọ́run!" Mo rò pé mo rí ìdáhùn gbogbo Ọjọ́bọ̀ mi lójúkojú.

Ọ̀dọ́kùnrin oníkóòtù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé oṣù mẹ́rin lẹ ń lo ìgò kan?"

"Nígbà míì ó máa ń lé," Télọ̀ wí, ó ń yangàn.

"Ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n ní kí ẹ lò, ojú yín sì mọ́ báyìí?"

"Ṣé o kò rí i ni?"

Ó yíjú sí alága. "Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀." Alága kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Télọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tàsé àtẹ̀gùn. Tíṣà ló sáré mú un lápá. Télọ̀ já apá rẹ̀ gbà, ó jáde, ó dá lọ sílé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ìwé tuntun jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n fi oògùn mẹ́fà kún un. Wọ́n sún iye oníhóró Tíṣà sókè díẹ̀ kí àwọn tó ń gbé e wá lè padà, wọ́n sì padà. Oògùn ojú kò sí níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ ìdí rẹ̀ pé àwọn á tún un gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀rí tó wà níwájú àwọn fi hàn pé díẹ̀ péré nínú oògùn náà ti tó àwọn kan tó ń lò ó. Èmi ni mo kà á fún Télọ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Tiẹ̀ tún ti padà sórí pẹpẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi apá gba òpó iná lójú títì, lọ́sàn-án gangan. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní kó wo iná kan láàárín àwo funfun kan, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tó bá rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wà níbẹ̀. Iná ń tàn, ó ń kú. Télọ̀ di bọ́tìnnì mú, kò tẹ̀ ẹ́.

Ó sọ fún dókítà pé òun ṣì ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Dókítà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, jókòó tì í. "Màmá, ihò abẹ́rẹ́ kéré. Àárín ojú lẹ fi ń wò ó. Àìsàn yìí kì í fọwọ́ kan àárín títí dìgbẹ̀yìn. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀."

Télọ̀ fọwọ́ kan etí aṣọ rẹ̀. "Bí aṣọ tó ń tú láti etí."

"Gan-an ni. Bọ́tìnnì àárín aṣọ lẹ ń wò, ó sì pé. Etí aṣọ ló ti tú tán." Ojú òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún ṣẹ́ku bí ẹni tó ń wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́. Èyí tó lọ kò ní padà. Èyí tó kù, oògùn lè dì í mú, bí ó bá ń lò ó bó ṣe yẹ.

Apá òsì rẹ̀ ni mo rìn bọ̀ wálé. N kò gbàdúrà lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ gbà á, mo ṣí ẹnu, ohun tó wá síbẹ̀ ni ariwo "Ògo" tí mo pa nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo sì tún pa ẹnu mi dé. Mo ṣì ń lọ sílé ìjọsìn o. Mo ṣì ń kọ orúkọ àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí dìde, mo máa ń wo ilẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, Télọ̀ bá ìgò oògùn ojú tuntun kan lórí maṣíìnì rẹ̀, kò sí ìwé, kò sí ìkíni. Kò ṣí i. Ó lọ ra tirẹ̀ pẹ̀lú owó aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san, ó ń kán an sójú méjèèjì, ó sì jẹ́ kí ti Tíṣà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo tún lọ. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, ìgò náà wà lórí maṣíìnì. A gbọ́ tí Tíṣà ń rìn lókè, láti ibùsùn sí fèrèsé, láti fèrèsé sí ibùsùn.

"Lọ́jọ́ yẹn tí o pariwo," Télọ̀ wí, "kí lo rí?"

"Mo rí òwú tó wọlé."

"Òun nìkan ni èmi náà rí." Ó fọwọ́ wá ìgò náà lórí maṣíìnì, ó ń tẹ ọwọ́ síbí, ó ń tẹ ọwọ́ sọ́hùn-ún, títí ó fi bà á. "Akọ̀wé, inú ń bí mi sí i síbẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ojú mi dáadáa ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Oníhóró rẹ̀ padà, tèmi kò wọlé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi yọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò sunkún, n ò sì ríran."

Mo ní kí a gbàdúrà.

"A ó gbà á. Kọ́kọ́ bá mi ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ yẹn ṣì ń gba ìwé títí oṣù á fi parí. Bá mi kọ ọ́. Má kọ pé mo parọ́. Kọ pé abẹ́rẹ́ ló parọ́ fún mi, pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà, pé ìdá mẹ́rin kò tó ẹnikẹ́ni. Tí o bá kọ ọ́ tán, gbé e lọ sókè fún Tíṣà kó kà á. Ọ̀rọ̀ tó bá ní kí o yí, yí i, òun ló mọ̀ ọ́n sọ." Ó tẹ́tí sí ẹsẹ̀ tó ń rìn lórí orí wa. "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí i, orúkọ tèmi ni kó ṣáájú. Jọ̀ọ́, Akọ̀wé, rí sí ìyẹn fún mi."